Bọ́tìnnì Tí Kò Dáhùn: Bí A Ṣe Lè Fi Ọgbọ́n Ìpààrọ̀ Wá Àrùn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ìfáárà

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ lójú ewé yìí kò sí nínú ìwé gírámà kankan, síbẹ̀ ó kan iṣẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ó dá lórí bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti tan kọ̀ǹpútà orí tábìlì, pàápàá èyí tó ti pẹ́, àti ohun tó yẹ ká ṣe nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn.

Ẹni tó bá ti ṣe ìwádìí èdè ní Bantè tàbí ní Savalou yóò tètè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Ní ẹkùn Collines yìí, èdè pọ̀ lójú kan. Ní Bantè, ní Akpassi àti ní Gouka, Ìṣà ni wọ́n ń sọ, èyí tí àwọn ìwé Faransé ń kọ ní Itcha. Ní Tchetti, tó wà lábẹ́ kọ́múùnù Savalou, Ifẹ̀ ni. Kì í ṣe ti Ilé-Ifẹ̀, bí kò ṣe Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ dé Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò. Nínú ìlú Savalou fúnra rẹ̀, Maxi, ọ̀kan lára àwọn èdè Gbe, ló gba ìgboro. Ọ̀pọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀, ìtàn àti oríkì tí àwọn aṣèwádìí gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ló wà nínú kọ̀ǹpútà àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé.

Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Kí Unicode tó gbilẹ̀, lẹ́tà àkànṣe bíi SILDoulos IPA93 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè fi ń tẹ àmì ohùn àti ìró. Bí a bá ṣí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní lẹ́tà náà, àmì játijàti ni a ó rí. Nítorí náà, ẹ̀rọ àtijọ́ náà gan-an ni a nílò, ó kéré tán títí tí a ó fi rí iṣẹ́ inú rẹ̀ yí padà. Bí a bá wá tà á fún àwọn tó ń ra irin nítorí pé bọ́tìnnì rẹ̀ kò dáhùn, ohùn àgbà tó ti lọ sálákeji lè bá a lọ. Bí bọ́tìnnì kan sì ṣe kéré tó!

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: bọ́tìnnì tí kò dáhùn kì í ṣe ikú kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n tí a ti fi ń wá fóníìmù ni kí a fi wá ibi tí àrùn wà, kí a tó pe ẹ̀rọ ní òkú.

1. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ méjì

Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé mọ ọ̀rọ̀ náà commutation. Hjelmslev, onímọ̀ èdè ará Dẹ́ńmákì, ló sọ ọ́ di ohun èlò nínú ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì pàdé rẹ̀ nínú ìwé Éléments de linguistique générale tí André Martinet tẹ̀ jáde ní 1960. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: a mú ẹyọ kan kúrò, a fi òmíràn sí ipò rẹ̀, a kò fọwọ́ kan ìyókù, a sì wò ó bóyá ìtumọ̀ yí padà.

Àwọn oníṣẹ́ iná náà ní ọ̀rọ̀ yìí. Commutateur ni wọ́n ń pe ohun tí ń darí iná láti ọ̀nà kan sí òmíràn. Orísun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, inú èdè Látìnì, níbi tó ti túmọ̀ sí “pààrọ̀”. Èyí kì í ṣe àwàdà lásán. Iṣẹ́ tí onímọ̀ èdè ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ni atúnrọṣe tó mọṣẹ́ ń ṣe lórí ẹ̀rọ.

Ẹ wo ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn sílébù àkọ́kọ́ kan náà. Ohùn ìkẹyìn nìkan ló yàtọ̀. Nítorí náà a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn náà ló ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú igbá àti ìgbà, ohùn sílébù méjèèjì ló yàtọ̀. A kò lè fi orísìí yìí nìkan sọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tó pààrọ̀ wáyà, bọ́tìnnì àti bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kọ̀ǹpútà bá tàn, kò mọ ohun tó wò ó sàn. Bí kò bá sì tàn, kò mọ ohun tó kù.

2. Bí bọ́tìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

A kò lè wá àrùn nínú ohun tí a kò mọ ìrìn rẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjì ló wà ní ìhà ibi tí a ń wò yìí.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní AT. Nínú rẹ̀, iná 220 V tó ti ara ògiri wá ń gba inú bọ́tìnnì iwájú kọjá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó há sínú bíi ti tẹlifísọ̀n àtijọ́, ó sì dúró síbẹ̀ títí tí a ó fi tún un tẹ̀. Wáyà rẹ̀ nípọn, ó sì ti inú ilé-iná wá tààrà. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má tú u. Ẹ fi lé oníṣẹ́ iná lọ́wọ́, nítorí iná ibẹ̀ lè pa ènìyàn.

Èkejì ni ATX, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní 1995, tó sì gbòde lẹ́yìn náà. Òun ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé. Nínú ATX, iná tí kọ̀ǹpútà ń lò kò gba inú bọ́tìnnì kọjá rárá. Ìránṣẹ́ ni bọ́tìnnì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lójú iná tí a kò tíì tàn án, ilé-iná, èyí tí a ń pè ní alimentation, ṣì ń fi iná díẹ̀, 5 V, ránṣẹ́ láti ojú wáyà aláwọ̀ àlùkò sí pátákó ìyá, ìyẹn carte mère. Iná yìí ló ń mú kí pátákó náà sùn bí ajá: ojú rẹ̀ pa dé, etí rẹ̀ là sílẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fara kanra fún ìṣẹ́jú àáyá kan, pátákó gbọ́, ó sì so wáyà aláwọ̀ ewé ti ilé-iná mọ́ ilẹ̀. Ìgbà náà ni ilé-iná tó jí, tí fáànù ń yí.

Nítorí náà, òrùka mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀wọ̀n yìí: iná láti ìta, ilé-iná, pátákó ìyá, àti bọ́tìnnì pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Òrùka kan ṣoṣo tó já ti tó láti mú ẹ̀rọ dákẹ́. Bọ́tìnnì ni ojú wa kọ́kọ́ ń rí, òun náà sì ni àtúnṣe rẹ̀ rọrùn jù.

3. Ẹ jẹ́ ká sọ àìsàn náà dáadáa

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ atúnrọṣe, ohun tó máa ń sọ ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà wa ti kú.” Atúnrọṣe tó gbọ́n yóò bi í pé: “Àbúrò, kí lo tẹ̀, kí lo rí, kí lo gbọ́?” Ìbéèrè náà dára, nítorí pé kú nínú èdè wa gbòòrò jù. A fi ń pe ẹ̀rọ tí kò gba iná, a fi ń pe èyí tó tàn tí ojú rẹ̀ dúdú, a sì fi ń pe èyí tó tàn tó tún kú padà. Àìsàn mẹ́ta ni ìwọ̀nyí. Ẹ pín wọn báyìí:

(a) A tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó mira. Fáànù kò yí, iná kékeré iwájú kò tàn. Òrùka èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè já.

(b) Ó di ìgbà kẹwàá tí a tẹ̀ ẹ́ kó tó tàn. Eruku tàbí ìpẹtà ti bo ojú ibi tí wáyà ti ń fara kanra nínú bọ́tìnnì. Ẹni tó bá mọ eruku pupa ọ̀nà Savalou sí Bantè lásìkò ọyẹ́ kò ní béèrè ibi tó ti wá.

(d) Ó tàn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún ó kú. Bọ́tìnnì ti há sínú. Wọ́n ṣe ATX kí ó pa ara rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Bọ́tìnnì tó há ń pa á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

(e) Fáànù ń yí, iná iwájú tàn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú. Bọ́tìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ wá àrùn náà sí ibòmíràn.

4. Ìpààrọ̀ ní ẹsẹẹsẹ

Ohun tí a nílò kò pọ̀: tournevis kan, gílóòbù tó dájú, ìwé àti bírò, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọn-iná bí ó bá wà. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ sílẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí àpótí, ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri.

Ìpààrọ̀ kìíní: iná ìta. Ẹ fi gílóòbù tàbí ṣájà fóònù dán ojú iná ara ògiri wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gba okùn tí ojú ẹ̀rọ ń lò, ẹ fi sí ẹ̀yìn àpótí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ìgbà okùn kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé-iná: bí bọ́tìnnì kékeré bá wà níbẹ̀, kó wà lójú I, kó má wà lójú O. Bí èyí pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí bá wà, 230 ni kó máa fi hàn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé 220 V ni iná wa. Ẹni tó bá gbé e sí 115 yóò jó ilé-iná náà.

Ìpààrọ̀ kejì: ìsinmi. Ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù lè tán, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó dá okùn padà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ilé-iná máa ń há ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀; ìsinmi yìí nìkan lè tú u sílẹ̀.

Ìpààrọ̀ kẹta: ike iwájú. Ohun tí ìka wa ń tẹ̀ kì í ṣe bọ́tìnnì gan-an. Ike ni, ike náà ló ń ti bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ ojú iwájú àpótí, kí ẹ fi ìka tẹ bọ́tìnnì kékeré náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá tàn, ike ló ṣẹ́ tàbí ló yẹ̀. Ohun gbogbo yòókù sàn.

Ìpààrọ̀ kẹrin: Reset dípò bọ́tìnnì. Èyí ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí. Ní igun pátákó ìyá, ẹ ó rí ìdì irin ṣóńṣó kéékèèké tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú wọ̀ sí. Wọ́n sábà máa ń kọ PWR SW, PW tàbí PWRBTN sí ti bọ́tìnnì, àti RST tàbí RESET SW sí ti Reset. Ẹ ya àwòrán bí gbogbo wọn ṣe wà sínú ìwé kí ẹ tó fa ohunkóhun. Ẹ wá yọ wáyà bọ́tìnnì, kí ẹ fi wáyà Reset sí ojú rẹ̀. Ẹ dá iná padà, ẹ tẹ Reset. Ẹ ti ṣe orísìí bíi ọkọ́ àti ọkọ̀: ohun kan ṣoṣo ni ẹ yí padà. Bí kọ̀ǹpútà bá tàn, bọ́tìnnì tàbí wáyà rẹ̀ ni alárùn, kò sí àní-àní.

Ìpààrọ̀ karùn-ún: irin dípò Reset. Bí Reset kò bá sí, tàbí tí kò dáhùn, ẹ yọ wáyà kúrò lórí ṣóńṣó méjèèjì ti PWR. Kí okùn wà lójú iná, ẹ fi ẹnu tournevis kan ṣóńṣó méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ẹ sì gbé e kúrò. Iná ibẹ̀ kò ju 5 V lọ, kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí irin kan ṣóńṣó mìíràn. Bí ó bá tàn, ẹ ti rí ìdáhùn. Bí kò bá tàn, ẹ dá bọ́tìnnì sílẹ̀, òun kọ́.

Ìpààrọ̀ kẹfà: ilé-iná láìsí pátákó. Ẹ yọ okùn lára ògiri. Ẹ fa ojú okùn ńlá tó ti inú ilé-iná wọ pátákó ìyá; ihò 20 ló ní nínú àwọn ti àtijọ́, 24 nínú èyí tó dé láti 2003. Wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìdìwé so ihò rẹ̀ mọ́ ihò wáyà dúdú kan. Ẹ fi ẹ̀rọ CD àtijọ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu okùn rẹ̀ kí ilé-iná lè rí ẹrù gbé, ẹ wá dá okùn padà sára ògiri. Bí fáànù bá yí, ilé-iná ṣì ń mí, a sì lè fura sí pátákó. Bí kò bá yí, ilé-iná ni ẹ ó pààrọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti yí ètò wáyà padà nínú ẹ̀rọ wọn ní òpin àwọn ọdún 1990 sí iwájú, nítorí náà bí àwọ̀ wáyà kò bá bá ohun tí a sọ mu, ẹ dúró níbẹ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣí inú ilé-iná láéláé. Iná tó lágbára ṣì ń sùn nínú àwọn condensateur rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn.

Ìpààrọ̀ keje: pátákó ìyá. Ẹ pààrọ̀ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032, 3 V, tó wà lórí rẹ̀. Ẹ wo àwọn condensateur tó dúró bí agolo kéékèèké: bí orí wọn bá wú tàbí tí omi ti jáde lára wọn, ibẹ̀ ni àrùn wà. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1999 sí 2007 ló ní àbùkù yìí, káàkiri ayé.

5. Àtúnṣe bọ́tìnnì

Bí ìdájọ́ bá ti tọ́ka sí bọ́tìnnì, ọ̀nà mẹ́rin ló wà tí kò ní ná wa lówó púpọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí Reset máa ṣe iṣẹ́ bọ́tìnnì títí lọ. Ẹ fi ìwé lẹ̀ ẹ́ kí ẹlòmíràn lè mọ̀. Èkejì, ẹ gba bọ́tìnnì pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà mìíràn tó ti bàjẹ́. Wáyà méjèèjì ti bọ́tìnnì kò ní iwájú tàbí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá yí i padà, yóò ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ti iná kékeré iwájú ló ní ìhà tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ lè ra bọ́tìnnì aago ẹnu-ọ̀nà. Ó ń padà jáde fúnra rẹ̀ bí a bá ti gbé ìka kúrò, ohun tí ATX sì ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ má lo bọ́tìnnì gílóòbù inú yàrá: dídúró ni ó ń dúró, kọ̀ǹpútà yóò sì máa kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, bíi ti àìsàn (d).

Ẹ̀kẹrin, nínú BIOS ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ibi kan wà tí a ti lè ní kí kọ̀ǹpútà tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Wọ́n sábà máa ń pè é ní Restore on AC Power Loss. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kìkì ibi tí onduleur bá wà. Láìsí i, gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú ni ẹ̀rọ yóò máa jí, tí yóò sì máa ṣubú, èyí sì lè ba díìsìkì jẹ́.

Bí a bá wá rí i pé ilé-iná tàbí pátákó ló bàjẹ́ tí kò sì sí owó àtúnṣe, ẹ má gbàgbé pé díìsìkì, níbi tí iṣẹ́ wa wà, kò sí nínú òrùka mẹ́rin náà. Ẹ yọ ọ́, ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí i lára, kí ẹ gbé e pamọ́ síbi gbígbẹ. A lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Ẹ sọ fún atúnrọṣe ṣáájú iṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ fọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti kọ́ wa láti yí ohun kan ṣoṣo padà, ká wò ó, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká tó yí òmíràn. Ọgbọ́n yìí kò dúró sórí fóníìmù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè jókòó ní Bantè, láìdúró de ọkọ̀ Savalou tàbí Parakou, kó dá ẹ̀rọ tí wọ́n ti pè ní òkú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ tó bá sì tàn, ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ìdánrawò

1. Kọ̀ǹpútà kan tàn nígbà tí a fi tournevis kan ṣóńṣó PWR, ṣùgbọ́n kò tàn nígbà tí a fi wáyà Reset síbẹ̀. Kí ni a lè sọ nípa bọ́tìnnì iwájú? Kí ni a kò tíì lè sọ?

2. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pààrọ̀ okùn iná àti bátìrì CR2032 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ sì tàn. Ẹ fi igbá àti ìgbà ṣàlàyé ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ rẹ̀.

3. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tí ènìyàn lè sọ fún atúnrọṣe dípò “ó ti kú”, fún àìsàn (a), (b) àti (d). Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ Ìṣà tàbí Ifẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.